Ìṣẹ́jú Mẹ́ta Níwájú Ìsọ̀: Bí A Ṣe Ń Ṣe Àṣefihàn Ọjà Níbi Ìpàtẹ

Ẹni tó wá síbi ìpàtẹ ọjà kò wá gbọ́ ìwàásù. Orí ìdúró ló wà. Ọ̀rá tó gbé lọ́wọ́ ti ń wúwo, oòrùn ń pa á, ọmọ tó fà lọ́wọ́ ń sunkún omi tútù, orin sì ń dún láti ìsọ̀ mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sẹ́ni tó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Bí ọ̀rọ̀ yín ò bá wọ̀ ọ́ létí, ìṣísẹ̀ méjì péré ló máa gbé tó fi máa bọ́ síwájú ìsọ̀ ẹlòmíràn. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe àṣefihàn níbi ìpàtẹ gbọ́dọ̀ fi èyí sọ́kàn kó tó bẹ̀rẹ̀ ìmúra rárá, torí ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n kọ́ wa nípa ọ̀rọ̀ sísọ níwájú èrò, àwọn tó jókòó ni wọ́n fi ń kọ́ wa.

Ìpàtẹ Ọjà Àgbáyé ti Èkó ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ jù nínú orí yìí, nítorí òun ló wà nítòsí ọ̀pọ̀ oníṣòwò wa. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò àti onílé-iṣẹ́ Èkó tí gbogbo èèyàn ń pè ní LCCI, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1888, ló ń ṣètò rẹ̀. Oṣù kọkànlá ló sábà máa ń bọ́ sí, ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n sì máa ń fi ná an ní Tafawa Balewa Square, pápá tí wọ́n ti ń sá eré ẹṣin láyé àwọn òyìnbó amúnisìn, tí ère ẹṣin funfun ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ dòní. Ọgbà ńlá tí ìjọba kọ́ sójú ọ̀nà Badagry fún irú iṣẹ́ yìí gan-an ní 1977 ti di ọjà fúnra rẹ̀. Páàtì mọ́tò àti ẹrù àwọn alátùn-tà ló kún ibẹ̀. Nítorí náà, pápá gbalasa lẹ ń lọ. Abẹ́ àgọ́ àti kánópì lẹ máa wà. Eruku ń bẹ, ooru ń bẹ, òjò ìkẹyìn ọdún sì lè rọ̀ nígbà tẹ́nikẹ́ni ò retí rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wá ohun tó ń ba oníbàárà lẹ́rù

Ọ̀pọ̀ olùpàtẹ máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó wu àwọn fúnra wọn: ọdún tí ilé-iṣẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀, ìlú tí ọ̀gá ti kàwé, àwọ́ọ̀dù tí wọ́n gbà. Oníbàárà kò bá wọn débẹ̀. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ tí kò sọ jáde ni pé, "Ṣé kì í ṣe pé àwọn wọ̀nyí fẹ́ gba owó lọ́wọ́ mi lásán?" Ọjà kọ̀ọ̀kan ló sì ní bí ìbéèrè yẹn ṣe ń jẹyọ nínú rẹ̀. Bí ẹ bá mọ ẹ̀rù náà, tí ẹ pa á lójú rẹ̀, ẹ ti ṣe ju ìdajì iṣẹ́ lọ.

Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀gì gbígbẹ yẹ̀ wò. Ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń ṣe é tà báyìí. Wọ́n á rẹ àgbàdo fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á fún omi rẹ̀ dànù, wọ́n á sá a tàbí kí wọ́n fi ẹ̀rọ gbẹ ẹ́, wọ́n á tún un lọ̀ kó kúnná, wọ́n á wá dì í sínú ọ̀rá tó ní orúkọ lára. Ìyá tó dúró níwájú ìsọ̀ ti ń mu ẹ̀kọ láti ìgbà tí wọ́n ti já a lẹ́nu ọmú. Ẹ má wulẹ̀ kọ́ ọ pé àgbàdo dára lára. Ohun tó ń rò ni pé: èyí máa dì ní kókó. Ó máa ha ni lọ́fun. Kò ní ki. Kò ní kan bí ọ̀gì ṣe yẹ kó kan.

Nítorí náà, ẹ pò ó lójú rẹ̀. Ẹ bu ọ̀gì sínú abọ́, ẹ fi omi tútù díẹ̀ pò ó títí tó fi máa jọ̀lọ̀, kí ẹ wá máa da omi tó ń hó yaya lé e bí ẹ ti ń rò ó. Bó bá ti yí àwọ̀ padà, tó ń dán, tí kò sì tíì ki jù, ẹ mú asẹ́ kékeré tí wọ́n fi ń sẹ́ tíì, kí ẹ da ẹ̀kọ náà gba inú rẹ̀ kọjá sínú abọ́ mìíràn. Ẹ wá yí ojú asẹ́ yẹn sí àwọn èèyàn. Kókó kan ò sí nínú rẹ̀. Ẹ má sọ nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ ká ẹnu yín kò, kí wọ́n wò ó dáadáa, kí ìyá kan sọ fún èkejì rẹ̀ pé, "Kò mà dì o." Ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu rẹ̀ jáde yẹn wúlò ju gbogbo èyí tí ẹ̀yin lè fi máìkì sọ lọ.

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́ láyé. Ní 1854, níbi àfihàn tí wọ́n ṣe nínú ilé onígíláàsì kan tí wọ́n ń pè ní Crystal Palace ní New York, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Elisha Otis mú ẹ̀rọ agbéniròkè wá. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ti wà ṣáájú rẹ̀. Ẹ̀rù pé okùn lè já ni kò jẹ́ kí èèyàn fẹ́ gùn ún. Otis dúró sórí pákó ẹ̀rọ náà, wọ́n fà á sókè níṣojú èrò, ó wá ní kí wọ́n gé okùn tó so ó rọ̀. Pákó já wálẹ̀ díẹ̀, bíréèkì tó ṣe sínú rẹ̀ sì gbá a mú. Ta ló tún fẹ́ gbọ́ àlàyé nípa irin inú bíréèkì lẹ́yìn èyí? Nígbà tó fi máa di 1857, ilé ìtajà kan lójú ọ̀nà Broadway ti ń fi ẹ̀rọ rẹ̀ gbé oníbàárà ròkè.

Gbogbo ọjà ló ní okùn tirẹ̀ tí ẹ lè gé. Ti aládìrẹ ni aró tó ń ṣí. Kó gbé báṣíà funfun àti omi ọṣẹ kalẹ̀, kó fọ aṣọ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kó má purọ́ o: aró ẹlú gidi máa ń ṣí ní fífọ̀ àkọ́kọ́, ẹni tó bá sì sọ pé tòun ò ní ṣí rárá, oníbàárà á rí i nílé, á sì ròyìn rẹ̀. Ohun tó dára jù ni kó fọ aṣọ tuntun kan sínú báṣíà kan, kó fọ èyí tó ti fọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta nílé sínú èkejì, kó jẹ́ kí wọ́n fojú wọn rí omi méjèèjì. Bí omi ti èkejì ò bá mọ́, kó má tíì san owó ìsọ̀. Kó padà sídìí ìkòkò aró.

Ti ẹni tó ń ta ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́ tún yàtọ̀. Gbogbo èèyàn ló gbà pé ẹ̀rọ á rin ẹ̀gẹ́. Kí ni ẹ̀rọ ì bá tún ṣe? Ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù ni iye epo tó máa mu, àti ibi tí wọ́n ti máa rí páàtì rẹ̀ rà lọ́jọ́ tó bá bàjẹ́ ní abúlé. Kí olùpàtẹ wọn lítà epo kan lójú wọn, kó wọn ẹ̀gẹ́ lórí òṣùwọ̀n, kó tan ẹ̀rọ, kó sì kọ ohun tó rí sí pátákó dúdú tó wà níwájú ìsọ̀. Ìyẹn ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, nítorí náà kó ṣe é lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ní àkókò tó ti kéde, kí pátákó máa sọ̀rọ̀ fún un ní gbogbo àkókò tó kù. Ní ti páàtì, kó tẹ́ àwọn èyí tó máa ń tètè jẹ sórí tábìlì, kó kọ iye kọ̀ọ̀kan sí i lára, kó sì sọ èyí tí wọ́n lè rí ní Ládípò tàbí ní Gate n'Íbàdàn láìjẹ́ pé wọ́n padà wá bá a.

Bí ẹ ò bá mọ ẹ̀rù oníbàárà yín, ẹ má bi àwọn tó ti ń rà á. Àwọn yẹn ti borí tiwọn. Ẹ wá àwọn tó gbé ọjà yín sókè tí wọ́n tún gbé e sílẹ̀, kí ẹ bi wọ́n pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé kí ló dé. Ohun tí ẹ máa gbọ́ lè dùn yín.

Ẹ̀rù kan ṣoṣo sì ni kí ẹ pa nínú àṣefihàn kan. Ọlọ́gì tó fẹ́ fi hàn pé ọ̀gì òun kì í dì, pé ó ń pẹ́ nílẹ̀, pé ó dára fún ọmọdé àti pé wọ́n ń kó o lọ sí London, ohun mẹ́rin ló sọ, oníbàárà kò sì ní rántí ọ̀kan nínú wọn.

Ìṣẹ́jú mẹ́ta náà

Ìdí tí mo fi ní ìṣẹ́jú mẹ́ta ni pé orí ìdúró ni wọ́n wà, àti pé ẹ máa tún un ṣe láìmọye ìgbà láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ohun tó bá gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ á pa ohùn yín kí ọjọ́ kẹta ìpàtẹ tó pé.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìkíni gígùn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́. Èèyàn tó ń ṣe nǹkan ní ìta gbangba máa ń fa ojú mọ́ra. Kẹ́tùrù tó ń hó, ọṣẹ tó ń hó, òórùn ohun tó ń jinná, gbogbo ìwọ̀nyí ti ń pe èrò kí ẹ tó la ẹnu. Nígbà tí èèyàn méjì tàbí mẹ́ta bá ti dúró, ẹ wá kí wọn, kí ẹ sì sọ gbólóhùn kan péré tó dárúkọ ẹ̀rù yẹn. Báyìí ló ṣe lè lọ:

"Ẹ kú ìrìn o, ẹ̀yin ìyá wa. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọ̀gì gbígbẹ máa ń dì ní kókó. Ẹ wo èyí."

Ó tán. Ẹ padà sídìí abọ́ yín. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ da omi gbígbóná, ẹ da á fúnra yín, kí ó má baà jó ẹnì kankan, ṣùgbọ́n ẹ fún ọ̀kan nínú wọn ní ṣíbí: "Mà, ẹ bá mi rò ó." Ọwọ́ àlejò tó dá sí iṣẹ́ yẹn ló ń fọkàn àwọn tó kù balẹ̀ pé ẹ ò pidán. Lẹ́yìn náà ni asẹ́. Lẹ́yìn asẹ́ ni ìtọ́wò nínú ife kékeré, ọwọ́ ọ̀tún ni kí ẹ sì fi nà án sí wọn. Lẹ́yìn ìtọ́wò, ẹ dárúkọ iye owó àti ibi tí wọ́n ti lè rí i rà tí ìpàtẹ bá parí.

Lórí iye owó, mo ní èrò tèmi. Àwọn kan máa ń sọ pé kí a fi iye owó pamọ́ títí ọjà á fi wọ oníbàárà lójú. Bóyá ìyẹn ń ṣiṣẹ́ níbòmíràn. Nílẹ̀ wa, "Èló ni?" ni ìbéèrè àkọ́kọ́, ẹni tí ẹ bá sì ń yẹ̀ ẹ́ fún á gbà pé ó wọ́n tàbí pé ẹ fẹ́ wo aṣọ ọrùn òun kẹ́ ẹ tó dá iye lé e. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sára pátákó. Bí ẹnì kan bá bèèrè rẹ̀ láàárín àṣefihàn, ẹ dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì máa bá iṣẹ́ yín lọ. Ẹ ti fẹnu kò nílé lórí ibi tí ìnájà máa dúró sí: iye ẹyọ kan, iye mẹ́fà, iye páálí. Kò sí ohun tó ń ba ọjà jẹ́ bíi kí ọ̀gá sọ iye kan, kí ọmọ iṣẹ́ sọ òmíràn.

Ọ̀rọ̀ bí a ṣe ń pe èèyàn náà ń bẹ. Kò sí ẹni tó kórìíra "Mà" àti "Sà". "Ìyá wa" dára fún àgbà, ṣùgbọ́n ọmọge tí ẹ pè ní "Mọ́mì" lè bínú lọ. "Ẹ̀gbọ́n" kì í ṣìnà. Àwọn ọ̀dọ́ tí ẹ bá sì gbà síṣẹ́, ẹ kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má fi "o" bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ì báà jẹ́ ẹni tó kéré sí wọn lójú.

Ariwo àti èdè

Aládùúgbò yín níbi ìpàtẹ lè gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó ga jù ú lọ wá. Ẹ má bá a dù ú. Bí ẹ̀yin méjèèjì bá ń pariwo, àwọn tó ń kọjá á yára kọjá ni. Ní àárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ mú ìtọ́wò dání, ẹ lọ kí i, kí ẹ jọ ṣe àdéhùn pé nígbà tí òun bá ń ṣe tirẹ̀, ẹ̀yin á rẹ ohùn sílẹ̀, nígbà tó bá kàn yín, kó ṣe bákan náà. Ọ̀pọ̀ máa ń gbà, torí àwọn náà ti ń ha lóhùn. Ẹ lo máìkì kékeré tí wọ́n ń fi sẹ́nu, kí ọwọ́ yín méjèèjì lè ráyè ṣiṣẹ́, kí ẹ sì dojú gbohùngbohùn kọ àwọn tó dúró níwájú yín, kì í ṣe òdìkejì pápá.

Ní Tafawa Balewa Square, ẹ máa gbọ́ Yorùbá, Pídgìn, Ìgbò, Haúsá àti Gẹ̀ẹ́sì láàárín wákàtí kan. Kò pọn dandan kí ẹ gbọ́ gbogbo wọn. Gbólóhùn kan yẹn tó dárúkọ ẹ̀rù oníbàárà ni kí ẹ mọ̀ ní èdè mẹ́ta ó kéré tán, kí ẹ sì sọ ọ́ bí ẹni tó ni èdè ṣe ń sọ ọ́. Ọwọ́ yín á ṣe ìyókù.

Àwọn tó ń ronú àtikọjá ẹnubodè, ẹ gbọ́ èyí. Ní Kútọnu, Yorùbá á gbè yín dé ìwọ̀n kan, torí àwọn ọmọ Àjàṣẹ́, Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ wà níbẹ̀. Ní Lomé, níbi ìpàtẹ tí wọ́n ń ṣe ní ọgbà CETEF, Faransé àti Mina ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ gba ọmọ ìlú kan sẹ́nu iṣẹ́ àṣefihàn. Ẹ má gbà á ṣe ògbufọ̀, torí ògbufọ̀ á sọ ìṣẹ́jú mẹ́ta di mẹ́fà. Kó kọ́ iṣẹ́ náà kó sì ṣe é fúnra rẹ̀, kí ẹ̀yin dúró sídìí owó. Owó sẹ́fà ni kí ẹ kọ sára pátákó, kì í ṣe náírà tí oníbàárà á máa ṣírò lórí ìdúró.

Iná, omi àti ọjọ́ tí nǹkan bá yíwọ́

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀dọ̀ tiwa nìkan ni iná ti ń lọ. Ní ọjọ́ 10 oṣù kìíní 2018, iná lọ níbi ìpàtẹ CES ní Las Vegas, níbi tí àwọn ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ tó lówó jù láyé ti ń fi iṣẹ́ wọn hàn, àwọn èèyàn sì wà nínú òkùnkùn fún nǹkan bíi wákàtí méjì. Òjò ló kó bá ẹ̀rọ tó ń pín iná. Ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀, òjò yẹn kan náà ti mú kí Google ti ìsọ̀ rẹ̀ tó wà níta pa. Nítorí náà, àṣefihàn tí kò lè ṣeé ṣe láìsí iná, ẹ tún un rò.

Ọlọ́gì nílò omi tó ń hó. Kó bi àwọn alábòójútó ìpàtẹ ṣáájú bóyá wọ́n gba gáàsì láyè lábẹ́ àgọ́; ibòmíràn ò gbà á, wọ́n sì lè gbé e kúrò níwájú oníbàárà. Bí kò bá sí gáàsì, fúláàsì ńlá méjì ló kù. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ fúláàsì gba ìṣọ́ra: omi tí wọ́n rọ sínú rẹ̀ láàárọ̀ kò lè mú ọ̀gì ki mọ́ lọ́sàn-án, ẹ̀kọ á ṣàn wàì lójú èrò, èyí sì burú ju kí ẹ má ṣe nǹkan kan lọ. Ẹ máa pààrọ̀ omi náà, kí ẹ sì dán an wò nínú ife kan kí ẹ tó pe èèyàn. Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì omi tiyín wá fún fífọ abọ́. Bí ẹ bá ní tẹlifíṣọ̀n tó ń fi iṣẹ́ yín hàn, ẹ tẹ àwòrán ńlá díẹ̀ sórí páálí pẹ̀lú, nítorí ìgbà tó bá di dúdú.

Ó ṣì lè yíwọ́. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹrin 1998, níbi ìpàtẹ COMDEX ní Chicago, Bill Gates àti òṣìṣẹ́ rẹ̀ kan ń fi Windows 98 han ayé nígbà tí wọ́n ki ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ìwé mọ́ kọ̀ǹpútà náà lára. Bí ojú kọ̀ǹpútà ṣe di búlúù nìyẹn, ó kú fin-ín-fin-ín lójú gbogbo ènìyàn. Gates fi í ṣe ẹ̀fẹ̀, gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín, wọ́n bá iṣẹ́ lọ, ọjà náà sì jáde ní oṣù kẹfà ọdún yẹn kan náà. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ wò níbẹ̀ ni pé kò yíjú sí òṣìṣẹ́ rẹ̀ láti bá a wí. Nílẹ̀ wa, ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá máa ń ṣe bí nǹkan bá bàjẹ́ ni kí wọ́n jágbe mọ́ ọmọ iṣẹ́. Oníbàárà tó ń wò á gbàgbé ẹ̀rọ tó kọṣẹ́. Ojú tí ẹ fi wo ọmọ ọlọ́mọ ló máa rántí. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní gbólóhùn kan, kí ẹ sì tún un ṣe. Bó bá kọ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ẹ ní kí wọ́n padà wá ní aago báyìí, kí ẹ sì gba nọ́ńbà wọn.

Àwọn tó máa bá yín dúró

Èèyàn mẹ́ta ló tó ìsọ̀ kékeré. Ọ̀kan ń ṣe àṣefihàn. Ọ̀kan wà nídìí owó. Ẹnì kẹta dúró sí ẹ̀gbẹ́ èrò, ó ń dáhùn ìbéèrè wẹ́wẹ́, ó ń gba orúkọ, ó sì ń mójú tó ẹrù, nítorí olè náà máa ń wá síbi ìpàtẹ. Kí ẹni àkọ́kọ́ àti ẹni kẹta máa gbapò ara wọn, kí ohùn lè sinmi.

Àwọn kan á gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ gbé ọ̀rẹ́ yín sáàárín èrò kó máa ṣe bí oníbàárà, kó máa pariwo pé òun á ra mẹ́wàá. Ẹ má ṣe é. Ará Èkó ti rí i lọ́dọ̀ àwọn onígbájúẹ̀ lábẹ́ afárá, wọ́n mọ ojú rẹ̀. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá já a, gbogbo ohun tí asẹ́ yín ti ṣe ti bàjẹ́.

Bó bá jẹ́ ohun jíjẹ tàbí ohun ìpara lẹ ń tà, ẹ jẹ́ kí nọ́ńbà NAFDAC yín hàn ketekete lára ọ̀rá. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá àjọ náà sílẹ̀ ní 1993, àwọn oníbàárà ti kọ́ láti máa yí ọjà padà wo ẹ̀yìn rẹ̀, àwọn tó ń rà láti tún tà sì máa ń wò ó kí wọ́n tó bèèrè nǹkan mìíràn. Kí ẹni tó ń pín ìtọ́wò bo irun rẹ̀, kó má fi ọwọ́ tó fi gba owó bu oúnjẹ. Bí ẹ̀pà, sóyà tàbí mílíìkì bá wà nínú ọjà yín, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó fi sẹ́nu, pàápàá bó bá jẹ́ ọmọdé ló ń nawọ́ gbà á.

Ìdánrawò

Ẹ dán an wò lórí ìdúró, kí rédíò máa ké nítòsí, kí aago fóònù máa ka ìṣẹ́jú. Ẹ má ṣe é fún ọmọ yín tàbí ìyàwó yín. Wọn ò ní fẹ́ já yín kulẹ̀. Ẹ pe aládùúgbò tí kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú òwò yín, kí ẹ sì sọ fún un pé kó rìn lọ nígbà tó bá ti sú u. Ibi tó bá ti rìn lọ gan-an ni kí ẹ gé kúrò. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìtàn ilé-iṣẹ́ ni.

Bí wọ́n bá fún yín láyè lórí pèpéle inú gbọ̀ngàn, èyí tí èèyàn ti máa jókòó, ẹ ní àǹfààní díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ìlànà kò yí padà. Ẹ gbé abọ́ àti asẹ́ yín lọ. Àwòrán ara ògiri tó kún fún ọ̀rọ̀ kéékèèké, àwọn tó wà lẹ́yìn ò rí i kà; ẹ fi iye owó, nọ́ńbà ìsọ̀ àti nọ́ńbà fóònù síbẹ̀, ó tó.

Owó àti nọ́ńbà fóònù

Àṣefihàn tó dùn tí kò ní orúkọ kankan nínú ìwé, eré ọ̀fẹ́ ni. Gbàrà tí ìtọ́wò bá ti dé ọwọ́ wọn ni kí ẹni kẹta bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, torí ìgbà yẹn nìkan ni wọ́n dúró sójú kan. Ìwé kékeré tó ní ìlà dára ju fóònù tí bátìrì rẹ̀ lè kú lọ. Orúkọ, nọ́ńbà, ìlú, àti ohun tí wọ́n bèèrè. Ìlà kẹrin yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò, òun ló sì níye lórí jù: "ó fẹ́ èyí tí kò kan jù fún ọmọ oṣù mẹ́jọ", "ó ní ṣọ́ọ̀bù n'Íkòròdú", "ó fẹ́ mọ̀ bóyá a ń fi mọ́tò ránṣẹ́ sí Ìlọrin". Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ kí ẹ máa fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp kí ẹ tó ṣe bẹ́ẹ̀. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2023 lórí ààbò ìsọfúnni nípa ènìyàn ń béèrè rẹ̀, ọmọlúàbí náà sì ń béèrè rẹ̀.

Níbi owó, ẹ lẹ nọ́ńbà àkáǹtì mọ́ iwájú tábìlì ní lẹ́tà ńlá kí ẹnikẹ́ni má baà tẹ òmíràn. Àlàáàtì tó wọlé sórí fóònù oníbàárà kì í ṣe owó. Ti orí fóònù tiyín gan-an náà kò tó bó bá jẹ́ àtẹ̀jíṣẹ́ lásán, torí àwọn ọmọ jìbìtì ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ayédèrú rẹ̀. Ẹ wo iye tó wà nínú àkáǹtì kí ọjà tó kúrò. Ìgbà tí èrò bá pọ̀ jù ni wọ́n máa ń wá, pàápàá lópin ọ̀sẹ̀. Ẹ ṣe é pẹ̀lú ẹ̀rín, kí olóòótọ́ má baà rò pé ẹ ń fura sí òun: "Ẹ má bínú Sà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń fà díẹ̀, ẹ tọ́ èyí wò ná."

Àárín ọ̀sẹ̀ àti òpin ọ̀sẹ̀ kò rí bákan náà. Ọjọ́ Sátidé àti Sọ́ńdè, ìdílé ló ń wá, wọ́n pọ̀, wọ́n ń tọ́ ọ wò, ẹyọ kan kan ni wọ́n sì ń rà. Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí pápá dà bíi pé ó ṣófo ni àwọn alágbàtà àti onísúpámákẹ́ẹ̀tì máa ń rìn kiri, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yan ìgbà tí ẹ lè ráyè gbọ́ wọn. Nítorí náà, kí ọ̀gá má lọ sinmi nílé lọ́jọ́ tí èrò bá kéré. Ọjọ́ tí èrò bá pọ̀ ni kó fi iṣẹ́ lé ọmọ iṣẹ́ lọ́wọ́.

Nígbà tí ìpàtẹ bá parí, àárẹ̀ á mú yín, ọ̀pọ̀ èèyàn sì máa ń sọ ìwé orúkọ yẹn sínú àpótí ẹrù, kó wà níbẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀. Ẹ yọ ọ́ sọ́tọ̀ kí wọ́n tó tú ìsọ̀. Àwọn tó bèèrè iye páálí ni kí ẹ kọ́kọ́ pè, láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, kí ẹ fi ìlà kẹrin bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀: ọ̀rọ̀ ọmọ oṣù mẹ́jọ, ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù Ìkòròdú, iye tí awakọ̀ ń gbà dé Ìlọrin. Ẹ dúró di ọ̀sẹ̀ kejì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn tó ra ẹyọ kan, torí nígbà náà ni ọ̀rá àkọ́kọ́ á ti ń lọ sópin.